Dísù Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Bí Ẹ́ńjìnnì Common Rail Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, dísù ló ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ró. Bí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá inú ẹ́sítéètì, báńkì àti ilé ìtajà a gba iṣẹ́ ṣe. Lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tírélà ń kó ẹrù bọ̀ láti èbúté Lekki tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Táńkà náà ń gbé epo jáde láti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lekki, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí iṣẹ́ wọ̀nyí lónìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́. Ẹ wo Hilux tàbí Hiace tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ D-4D sí lára, tàbí tírélà MAN tó gbé ẹ́ńjìnnì D20 tó jáde ní 2004. Common rail ni gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ wa òní dá lórí bí ètò yìí ṣe ń fún ẹ́ńjìnnì ní dísù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, dísù kì í ṣe ohun tí à ń sun nìkan. Ó ń jó, ó ń gbé irin sókè, ó sì tún ń ṣe òróró fún irin. Ẹni tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá yé, ìyókù kò ní ṣòro fún un.

Kí ló ń dáná sí dísù?

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní irú rẹ̀. Ní 1893 ni wọ́n fún Rudolf Diesel, ẹnjiníà ará Jámánì, ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Nígbà tó di 1897, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yege nínú àyẹ̀wò ní ìlú Augsburg.

Orí ọ̀rọ̀ kan ni ọgbọ́n náà dúró lé: bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójijì, yóò gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ táyà tán, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni. Nínú sílíńdà, písítìnnì a gun òkè, a fún afẹ́fẹ́ mọ́ àyè tí kò ju ìdá kan nínú 16 sí 18 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ooru afẹ́fẹ́ náà a kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dísù kò sì nílò ooru tó tó 300 kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi jó.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun tó bá ń pinnu ìgbà tí dísù wọlé ló ń pinnu ìgbà tí iná ràn. Ohun tó bá ń pinnu ìwọ̀n tó wọlé ló ń pinnu agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò ní. Ìkẹta ni bó ṣe wọlé: dísù tó bá wọlé ní ṣíṣù kò ní jó tán, ojú rẹ̀ lásán ni iná yóò mú, ìyókù a di èéfín dúdú. A gbọ́dọ̀ fọ́n ọn wẹ́wẹ́ kó lè di oru kíákíá. Kí a tó lè fọ́n ọn wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, a ní láti fipá tì í gba ihò tó kéré gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀ ti wọlé.

Ìṣòro ọ̀nà àtijọ́

Láti 1927 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ti ń rọ pọ́ǹpù dísù tà. Nínú irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀ tó ń ti dísù, ó ní páìpù tirẹ̀, ó sì ní nọ́súlù tirẹ̀ tó ń fọ́n dísù sí i. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù. Bí irin bá ti dísù, ìfúnpọ̀ a ga nínú páìpù, ìfúnpọ̀ yẹn náà ni yóò ṣí nọ́súlù.

Ẹ kíyè sí i: irin kan náà ló ń ṣe ìfúnpọ̀, òun náà ló ń pinnu àkókò. Wọ́n ti so iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, irin a máa rọra tì, ìfúnpọ̀ a lọ sílẹ̀, dísù kò sì ní fọ́n dáadáa. Ó wà lára ìdí tí tírélà àtijọ́ fi máa ń tú èéfín dúdú bó bá ń gbé ẹrù wúwo kúrò níbi tó dúró sí.

Kí pọ́ǹpù mójú tó ìfúnpọ̀, kí nọ́súlù mójú tó àkókò

Ẹ wo ilé tó ní bọ́hóòlù àti táńkì omi lókè. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi kò ju kí táńkì má gbẹ lọ. Ẹni tó fẹ́ fọ abọ́ ní ilé ìdáná àti ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ní balùwẹ̀ kì í dúró de ẹ̀rọ yẹn. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í, omi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbára rẹ̀.

Bí common rail ṣe rí gan-an nìyẹn. Pọ́ǹpù ńlá kan ń ti dísù sínú ọ̀pá irin kan tó nípọn, tó ní ihò gbọọrọ nínú. Ọ̀pá yìí ni réèlì, gbogbo sílíńdà ló jọ ń lò ó. Láti ara réèlì, páìpù irin kúkúrú lọ sí ínjẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ṣì ń pè ní nọ́súlù. Dísù ti wà lẹ́nu ínjẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfúnpọ̀ kíkún, ó ń dúró de àṣẹ. Kọ̀ǹpútà kékeré tí a mọ̀ sí brainbox ló ń pàṣẹ náà. Bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń rọra yí, ìfúnpọ̀ ṣì lè ga.

Ilé-iṣẹ́ Denso ti Japan ló kọ́kọ́ fi irú ètò yìí sínú ọkọ̀ akẹ́rù Hino ní 1995. Ní ti ọkọ̀ kéékèèké, àwọn ẹnjiníà Fiat ní Ítálì ló ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀, Bosch gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì parí rẹ̀. Alfa Romeo 156 gbé e jáde ní 1997. Ìfúnpọ̀ ìgbà náà jẹ́ 1,350 bar. Lónìí, àwọn kan ti dé 2,500.

Kí ni bar kan? Ẹ ka bar kan sí ìwúwo kílò kan lórí ojú irin tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà kan níbùú, sẹ̀ńtímítà kan lóròó. Táyà ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí 2.2 bar lọ. Nítorí náà, 1,600 bar túmọ̀ sí ìwúwo tó ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ lórí ojú tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ.

Láti táńkì dé réèlì

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé dísù lọ. Pọ́ǹpù kékeré kan fà á láti táńkì, ó gba inú fílítà kọjá. Fílítà yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nínú pọ́ǹpù ńlá àti ínjẹ́tọ̀, àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì kò ju ìdá 2 sí 4 nínú 1,000 mìlímítà lọ. Fọ́nrán irun orí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 70 ní òṣùwọ̀n kan náà. Ìdọ̀tí tó lè ba àlàfo yẹn jẹ́ kò ṣeé fi ojú lásán rí, nítorí náà, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbé dísù sínú ìgò kó wò ó lójú oòrùn, kó wá ní ó mọ́ tó.

Kí dísù tó wọ pọ́ǹpù ńlá, ó gbọ́dọ̀ kọjá lára fáàfù kan tí iná mànàmáná ń darí. Nínú ètò Denso, SCV ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń wọn iye dísù tí pọ́ǹpù yóò rí fún pọ̀. Fífún dísù pọ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sì bọ́gbọ́n mu kí a fún ohun tí a kò ní lò pọ̀.

Nínú pọ́ǹpù ńlá, písítìnnì kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta ń ti dísù lọ sínú réèlì. Fáàfù tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í jẹ́ kí èyí tó ti lọ padà. Lára réèlì, sẹ́ńsọ̀ kan ń ṣọ́ ìfúnpọ̀. Awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí dísù ń tẹ̀. Bó bá ṣe tẹ̀ tó ni iná tó ń jáde lára sẹ́ńsọ̀ ṣe ń pọ̀ tó, láti nǹkan bí ìdajì fólítì títí dé bíi fólítì 4 àbọ̀. Brainbox ń ka iye yìí, ó ń fi í wé ìfúnpọ̀ tí òun ń fẹ́, ó sì ń ṣí fáàfù ẹnu pọ́ǹpù sí i tàbí kó dín in kù. Ọ̀pọ̀ réèlì tún ní fáàfù ààbò, tó máa ń dá dísù padà sí táńkì bí ìfúnpọ̀ bá fẹ́ kọjá àlà.

Abẹ́rẹ́ tí dísù fúnra rẹ̀ ń gbé

A ti dé inú ínjẹ́tọ̀, ẹ farabalẹ̀ níbí. Abẹ́rẹ́ irin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí dísù yóò gbà fọ́n sínú sílíńdà. Ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tàbí kó lé díẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Dísù tó ní 1,000 bar yí abẹ́rẹ́ ká nígbà gbogbo; kí ló dé tí kò fi gbé e sókè, kó sì ṣàn wọ sílíńdà? Èkejì: nígbà tó bá tó àkókò, báwo ni òòfà kékeré kan ṣe lè rí agbára gbé abẹ́rẹ́ náà lòdì sí irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn ìkíní rèé. Bí dísù ṣe wà nísàlẹ̀ tó ń ti abẹ́rẹ́ sókè, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìyẹ̀wù kékeré kan lókè tó ń tì í sísàlẹ̀. Ìfúnpọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú irin tí dísù ń tẹ̀ lókè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ mú gègé yín. Ká ní ojú irin tòkè jẹ́ 14 mm², ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 9 mm². 1,000 bar jẹ́ agbára 100 Newton lórí mm² kọ̀ọ̀kan. Agbára tó ń tì í sísàlẹ̀ jẹ́ 14 × 100, ìyẹn 1,400 Newton. Èyí tó ń tì í sókè jẹ́ 9 × 100, ìyẹn 900. Tòkè fi 500 borí, a ò tíì ka sípíríǹgì tó ń ràn án lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kò ní mira.

Ìdáhùn kejì rèé. Ìyẹ̀wù òkè yẹn ní ihò méjì. Dísù ń gba ihò kékeré wọlé láti réèlì. Ihò kejì, tó tóbi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, lọ sí páìpù tó ń dá dísù padà sí táńkì. Fáàfù kékeré kan ló dí i. Nígbà tí brainbox bá fi iná ránṣẹ́, wáyà tí wọ́n wé kíríkírí a di òòfà, a sì fa fáàfù yẹn sókè. Dísù a máa jáde nínú ìyẹ̀wù kíákíá ju bó ṣe ń wọlé lọ, ìfúnpọ̀ òkè a sì já wálẹ̀. Ká ní ó já sí 600 bar. Agbára tòkè a di 14 × 60, ìyẹn 840 Newton. Ẹ fi 30 ti sípíríǹgì kún un, ó di 870. Tìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ 900. Abẹ́rẹ́ gbéra, dísù fọ́n sínú sílíńdà. Bí brainbox bá pa iná, fáàfù a dí, ìyẹ̀wù a kún padà, abẹ́rẹ́ a sì jókòó.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ kó lè wọni lára: òòfà kò gbé abẹ́rẹ́. Fáàfù kékeré ni òòfà ṣí. Dísù ló gbé abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ kejì tí mo ní dísù ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀kán kan, ìgbà 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan

Jẹnẹrétọ̀ dísù tó ń fún wa ní iná 50 Hz sábà máa ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba dísù lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì. Bí sílíńdà bá jẹ́ mẹ́fà, dísù yóò wọlé ní ìgbà 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà 270,000 láàárín wákàtí kan. Ká ní jẹnẹrétọ̀ náà ń jẹ lítà 15 ní wákàtí: ẹ pín lítà 15 sí ọ̀nà 270,000, ẹ ó rí nǹkan bí 56 mm³. Kò ju ẹ̀kán oògùn ojú kan lọ.

Brainbox tún ń pín ẹ̀kán yẹn sí wẹ́wẹ́. Bí gbogbo dísù bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, kì í gbiná lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba ìgbà díẹ̀ kó tó gbóná. Láàárín ìgbà yẹn dísù ń pọ̀ sí i nínú sílíńdà, nígbà tó bá sì ràn, gbogbo rẹ̀ a gbiná pa pọ̀. Ariwo “kà-kà-kà” ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti ibẹ̀ wá. Nínú common rail, ínjẹ́tọ̀ a kọ́kọ́ fọ́n mm³ bíi méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn a jó, a mú àyè gbóná, nígbà tí èyí tó pọ̀ bá sì wọlé, a gbiná láìjanpata. Bí dísù kan náà ṣe ń dín ariwo àti èéfín kù nìyẹn.

Ìwọ̀n yìí kéré débi pé ínjẹ́tọ̀ méjì tí wọ́n rọ lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe déédéé ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ínjẹ́tọ̀ fi ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀ lórí. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ nọ́ńbà náà sínú brainbox.

Iṣẹ́ kẹta, àti omi tó ń bà á jẹ́

Òróró ẹ́ńjìnnì kì í dé inú ínjẹ́tọ̀, kì í sì í dé inú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ńlá. Dísù ló ń ṣe òróró níbẹ̀, kí irin má bàa jẹ irin. Ohunkóhun tó bá ti ba dísù jẹ́, ó ti ba iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àárín ọ̀sà àti òkun ni Lekki àti Ajah wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, àgbàrá a máa dúró sílẹ̀ lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin. Bí táńkì bá wà ní ìdajì, afẹ́fẹ́ ló kún ìyókù. Lóru, nígbà tí irin táńkì bá tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹn a di omi, a sì kán sínú dísù. Lítà dísù kan wúwo tó kílò 0.84, ti omi tó kílò kan. Nítorí náà omi a lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni páìpù tó ń fa dísù sábà máa ń sún mọ́.

Omi kì í ṣe òróró, irin a sì máa ha irin. Ó ń mú irin dógùn-ún, ìdógùn-ún náà a ṣí kúrò, a di ìdọ̀tí. Bó bá dé ẹnu nọ́súlù tó gbóná, ó lè di oru lójijì kó sì fọ́ ẹnu náà. Kòkòrò àìfojúrí tún máa ń gbé níbi tí omi àti dísù ti pàdé, ooru ilẹ̀ wa sì bá wọn lára mu. Àwọn ni wọ́n ń ṣe ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí fílítà. Ẹ má sì gbàgbé dísù tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú: ó lè jó o, ṣùgbọ́n kò yọ̀ tó láti dáàbò bo irin.

Ohun tí a lè ṣe kò le. Ẹ máa rọ dísù kún táńkì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ máa tú omi ìdí fílítà dànù kí ẹ tó dá ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá da dísù tuntun sínú táńkì ńlá, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ kí ẹ tó fa nínú rẹ̀. Fílítà gidi ni kí ẹ rà. Ọ̀wọ́n rẹ̀ kò tó owó ínjẹ́tọ̀ kan.

Ìkìlọ̀ àti àyẹ̀wò

Lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́, mẹkáníìkì a máa tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ má dán an wò lórí common rail. Dísù tó ń jáde pẹ̀lú 1,000 bar lè gún awọ ara wọlé. Ojú ihò náà lè kéré, kó má dunni púpọ̀, síbẹ̀ èèyàn lè pàdánù ìka tàbí ọwọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Páálí ni kí ẹ fi wá a.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò léwu bẹ́ẹ̀, tó sì bá ohun tí a kọ́ mu. Dísù tó ń jáde nínú ìyẹ̀wù òkè ń padà sí táńkì. Ìfúnpọ̀ páìpù ìpadàbọ̀ yẹn kéré. Ẹ yọ ọ́ lára ínjẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ darí rẹ̀ sínú ìgò, ìgò kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì. Ínjẹ́tọ̀ tí irin rẹ̀ ti jẹ yóò tú dísù sínú ìgò tirẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ brainbox kì í pàṣẹ fún ínjẹ́tọ̀ kankan bí réèlì kò bá tíì ní nǹkan bí 200 bar.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Nínú ìṣirò ínjẹ́tọ̀ wa, ká ní ìfúnpọ̀ òkè já sí 700 bar péré. Ṣé abẹ́rẹ́ yóò gbéra? Ẹ fi ìṣirò hàn.

2. Kí ló dé tí ihò tí dísù ń gbà jáde nínú ìyẹ̀wù fi gbọ́dọ̀ tóbi ju èyí tó ń gbà wọlé lọ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìdọ̀tí bá dí i?

3. Jẹnẹrétọ̀ onísílíńdà mẹ́rin kan ní Sangotedo ń yí, kò gbiná. Ìfúnpọ̀ réèlì kò kọjá 90 bar. Ìgò mẹ́rin gba 12, 10, 65 àti 11 mílílítà. Mẹkáníìkì ní kí oníǹkan lọ ra pọ́ǹpù ńlá tuntun. Ẹ sọ bóyá ẹ fara mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú táńkì àti fílítà kí ẹnikẹ́ni tó náwó.